Àmì Ẹfun Lára Etó

Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn fún mi. Ṣàkírù, mo ní kó o pa á! Mi ò ní bá irin du ariwo. Ohùn mi ti di ohùn adìyẹ tó ń sàba, ẹ̀rọ yín ò sì mọ àgbà. Hẹn-ẹn. Ẹ jókòó. Kì í ṣe lórí irin yẹn, epo wà lára rẹ̀, ìyàwó ẹ á tún ní èmi ni mo ba ṣòkòtò ẹ jẹ́. Ìwọ tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, fi í sápò. Bí ẹni tó ń pè ọ́ bá fẹ́ràn ẹ, á tún pè.

Ọ̀kadà sẹ́mìjàn ni mo gùn láti Akpakpa wá sí Agblangandan níbí lónìí. Ọmọ tó gbé mi ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, mo gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì kó tó rọra. Ìgbà tí mo dé, Ṣàkírù ní, "Bàbá, ẹ tún wá kí wa?" Mi ò wá kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ náà dàgbà ju Ṣàkírù lọ, bẹ́ẹ̀ Ṣàkírù tó jẹ́ ọmọ ọmọ mi yìí ti ń hu ewú nírùngbọ̀n. Màá pariwo, ẹ mọ̀ mí. Ara mi gbóná láti kékeré. Ẹ fara dà á.

Lánàá, orí àga yìí ni mo wà nígbà tí ọ̀kan nínú yín de irin sẹ́nu etó tó ń di iṣẹ́ mú. Irin náà ń mì. Ṣàkírù fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń dè é nìyẹn? O tún dè é ní Làmídì!" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rín in. Mi ò lè rín in.

Ìwọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù yẹn, ìwọ lo bi mí léèrè. O ní, "Bàbá, ta tiẹ̀ ni Làmídì yìí?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mo padà sílé, mo gbé oúnjẹ tì. Mo wá dá ọ lóhùn lónìí.

Kútọnu tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ ò bá a. Kò sí gbogbo ọkọ̀ tó ń fi fèrè bú ara wọn ní Godomey báyìí. Igbó àti iyanrìn ni. Ẹ̀yin rí ọkọ̀ òkun tó ń sún mọ́ etíkun bí ewúrẹ́ tó fẹ́ wọlé. Nígbà tiwa, ọkọ̀ òkun ò lè dé ilẹ̀. Afárá irin gígùn kan ló wọ inú òkun lọ, ìgbì omi á máa gbá a lẹ́sẹ̀, gbìì, gbìì. Ọkọ̀ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọlọ́kọ̀ ọpọ́n á lọ kó ẹrù inú rẹ̀. Èèyàn tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n á fi ẹ̀rọ sọ wọ́n kalẹ̀ bí ẹni sọ iṣu kalẹ̀ láti òkè àká. Mo rí alákọ̀wé kan rí tó wọ kóòtù, tó de táì, tó ń ké "Yé è, ìyá mi!" nínú apẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa tó wà nísàlẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀rọ tó ń sọ apẹ̀rẹ̀ yẹn kalẹ̀, bí ó bá bà jẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Atelíyè wa, ibi tá a ti ń ṣiṣẹ́ irin, ò jìnnà sí ojú irin. Bí rélùwéè bá fun fèrè, ife omi á gbọ̀n lórí tábìlì. Aago méje, sírénì á ké. Ọ̀sán, sírénì á ké, àwọn obìnrin á gbé àkàsà àti ẹja díndín dé ẹnu géètì, a ó máa fi ọwọ́ olóòórùn irin jẹun. Títí dòní, bí mo bá jẹ ẹja tí kò ní òórùn irin, ó máa ń ṣe mí bíi pé iyọ̀ ò tó.

Ẹ̀rọ tí ń gé irin bíi tiyín yìí, fírésọ́ọ̀sì, ọ̀kan ṣoṣo la ní. Dúdú ni, ó ga, ó dà bí ìyálé tí kò rẹ́rìn-ín rí. Orí rẹ̀ ni etó jókòó sí: ẹnu irin méjì, ọ̀kan ò kúrò lójú kan, èkejì ń rìn bí o bá yí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ń wo ehín ẹ̀rọ tó ń yí, ẹ rò pé òun ló ń ṣiṣẹ́. Ehín ò ṣe nǹkan kan! Etó ló ń ṣiṣẹ́. Bó ti wù kí ẹ̀rọ mú tó, bí ẹni tó di irin mú bá tú ọwọ́, òfo ni. Àgbẹ̀ tó fẹ́ la igi, ṣé kì í kọ́kọ́ wá ibi tí igi máa fìdí tì ni?

Ẹ jẹ́ n sọ bá a ṣe ń dè é nígbà náà, torí ẹ̀yin ń fún etó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti tẹ bọ́tìnnì. Àwa á kọ́kọ́ gbá etó mọ́. Èérún irin kan, bó kéré bí èyí, bó bá wà lábẹ́ iṣẹ́, iṣẹ́ ti wọ́ nìyẹn. A ó fi irin pẹlẹbẹ méjì sí i, tí gíga wọn bára dọ́gba; ìrọ̀rí là ń pè é, torí iṣẹ́ ló máa sùn lé e. A ó wá ya bébà sìgá sí mẹ́rin, a ó fi wọ́n sórí ìrọ̀rí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó gbé iṣẹ́ lé e, a ó fún etó. Ẹnu etó tó ń rìn yẹn, ìwà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: bó bá ti ń fún, ó ń gbé iṣẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀, o ò ní rí i lójú. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi òòlù òjé lù ú mọ́lẹ̀. Òjé, kì í ṣe irin. Òjé rọ̀, kì í dá egbò síṣẹ́ lára. Kó! Kó! Bí iṣẹ́ ò bá tíì sùn, ohùn rẹ̀ á ṣófo. Bó bá ti sùn, á dún bí ẹni gbá ilẹ̀.

Bó bá ti dún bẹ́ẹ̀, o ò gbọdọ̀ fún etó mọ́! Bó o bá tún fún un, o tún jí i nìyẹn.

Ó wá ku àṣà wa. Ẹni tó de irin kì í fúnra rẹ̀ fa bébà. Ẹni tó dè é á fi ẹfun kọ àmì tirẹ̀ sára etó, kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ni ìdè. Ẹnìkejì á wá gbìyànjú láti fa bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bébà ò bá jáde, irin ti sùn. Bí ọ̀kan bá jáde, ìrọ̀rí ò kan iṣẹ́ níbẹ̀, á sọ ọ́, a ó tú u, a ó tún un dè. Kò sí ìjà ńbẹ̀. Kò sí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, kò sí pé o rí mi fín. Bébà ò mọ àgbà.

Èmi àti Làmídì la jọ wà nídìí ẹ̀rọ yẹn.

Ọmọ Ṣakété ni bíi tèmi. Ilé wọn ò ju ilé mẹ́ta sí tiwa. Ó pẹ́ lẹ́nu ìrìn, ó ń rìn bí ẹni tó ru omi lórí. Ìgbín ni mò ń pè é. Òun ń pè mí ní Ata. Kò mu sìgá rí láyé rẹ̀, àmọ́ bébà sìgá ò wọ́n lápò rẹ̀ nítorí iṣẹ́. Ọjọ́ kan ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ, ó bá bébà yẹn, ó wá bá wa ní ẹnu géètì, ó ń pariwo pé ọkọ òun, ọmọ àáfà, ti di amusìgá. Làmídì ní, "Ìyàwó, iṣẹ́ ni." Obìnrin ní, "Iṣẹ́ wo? Ṣé irin ló ń mu sìgá ni?" A rẹ́rìn-ín títí, ọ̀gá wa òyìnbó, tá à ń pè ní sẹ́fù, jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí mo bá ti ń kánjú, á ní, "Ata, rọra. Irin ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá."

Màá ní, "Ìgbín, kó o tó fa bébà mẹ́rin tán, ọmọ mi á ti gbéyàwó."

"Ọmọ wo? Ìwọ tí o ò tíì rí ìyàwó! Ta ló máa fẹ́ ata, kó máa sín láti àárọ̀ dalẹ́?"

Bá a ṣe ń ṣe nìyẹn. Iléyá kan, èmi àti òun jọ ra àgbò, ọwọ́ mi ni ìdè rẹ̀ bọ́ sí. Mo fi ìbínú fa okùn, mo so ó bí ẹni so ọ̀daràn. Làmídì wo okùn, ó ní, "Ata, àgbò yìí máa lọ." Mo ní kó lọ jókòó. Ká tó kírun dé, àgbò ti dé ẹsẹ̀ afárá orí ọ̀sà, ó ń bá àwọn tó ń ré odò kọjá du ọ̀nà. Èmi tí mo wọ agbádá funfun, mo sáré lé e, mo ṣubú sínú ẹrẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà. Làmídì ló lọ mú un, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó mú ewé dání. Ó ní, "Ohun tó o bá fún ju ló ń bọ́." Mo bínú sí i fún odindi ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in. Ibi tí ẹ̀rín parí sí là ń lọ.

Ọdún òmìnira dé. Ẹ̀yin gbọ́ ọ nílé ìwé, àwa fara gbá a. Àwọn èèyàn ń kun ilé. Àwọn obìnrin ń rán aṣọ aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè, aláwọ̀ pupa. Àwọn tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ń kí ara wọn. Ohun tó wà lọ́kàn tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: sẹ́fù òyìnbó fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó sì ti ní ọ̀kan nínú èmi àti Làmídì lòun máa fi ẹ̀rọ náà lé lọ́wọ́. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń dùn mí bí ebi. Mo sì mọ̀ pé Làmídì ló mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Gbogbo wa la mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa gbé àsíá wa sókè, wọ́n gbé iṣẹ́ kan wá láti ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Ẹsẹ̀ irin tí òpó àsíá máa dúró lé ni. Irin ńlá, ó wúwo. Ojú kan ló kù ká gé. Sẹ́fù ní ká ṣe é tán kí sírénì ọ̀sán tó ké, torí ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e. Mo ní, "Èmi ni màá dè é." Mo fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé èmi ni mo de ẹsẹ̀ àsíá.

Mo gbá etó. Mo fi ìrọ̀rí sí i. Mo fi bébà sí i. Mo fún un, mo fi òòlù òjé lù ú, ó dún dáadáa. Mo kọ àmì mi. Àmì tèmi, ìlà kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán. Àmì ti Làmídì, òbìrìkìtì.

Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní irin yìí wúwo, ó yẹ kó le ju báyìí lọ. Mo mú páìpù kan, mo kì í bọ ọwọ́ etó kó lè gùn, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Làmídì ní, "Ata, wọn kì í fi páìpù fún etó. O ti jí i."

"Ta lo ń kọ́ níṣẹ́?"

"Jẹ́ n fa bébà."

Ó fa àkọ́kọ́. Kò jáde. Ó fa èkejì. Ó jáde wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà téèyàn fa irun nínú ọ̀bẹ̀. Ó gbé e sókè síwájú mi. "Ó jáde. Tú u, ká tún un dè."

Mo wo aago. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń mú bébà yẹn dání, tí kò kánjú, tí kò bínú. Mo ní, "O fẹ́ kí sírénì ké mọ́ mi lórí kí sẹ́fù lè fi ẹ̀rọ fún ọ. Mo mọ̀ ọ́!"

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé tó ṣubú. Ó na ọwọ́ sí bébà kẹta.

Mo tan ẹ̀rọ.

Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tèmi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o, ọwọ́ ẹlòmíì ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ehín ẹ̀rọ kan irin, irin gbéra, ó fò, gbàù! Ẹ ò gbọ́ irú ohùn yẹn rí, ẹ má sì gbọ́ ọ. Ọwọ́ Làmídì wà láàárín. Kò ké. Ohun tó sọ kò ju, "Ata, pa ẹ̀rọ," lọ. Jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Ìka méjì ló lọ. Àwọn èèyàn sáré dé, wọ́n gbé e, gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn. Sẹ́fù ò sí nítòsí, ó ń bọ̀. Ó ku èmi nìkan àti ẹ̀rọ.

Mo wo etó. Mo rí ìlà mi níbẹ̀, funfun báláú.

Ẹ tẹ́tí. Ibí yìí ni mo torí ẹ̀ wá láti Akpakpa. Mo mú àkísà, mo nu ìlà náà. Mo mú ẹfun, mo kọ òbìrìkìtì. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa, torí mo ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yìí wá pé ẹ̀rù ló bà mí. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá.

Sẹ́fù dé, ó ní, "Ta ló de irin?" Mo nawọ́ sí òbìrìkìtì.

Wọ́n ní kí Làmídì má wá síṣẹ́ mọ́. Sẹ́fù ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nu àmì yẹn, kó lè kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n. Mi ò lọ wo ayẹyẹ àsíá. Mo gbọ́ ariwo láti ojú fèrèsé, mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ayọ̀, mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sógiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Làmídì wá kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ wà nínú báńdéèjì. Ó gba ìdí ẹ̀rọ kọjá, ó dúró. Ó wo òbìrìkìtì yẹn títí. Ó fi ọwọ́ kejì tọ́ ọ yí ká.

Ó ní, "Èyí mà pàdé o. Tèmi kì í pàdé."

Òótọ́ ni. Nígbàkúùgbà tó bá kọ òbìrìkìtì, ó máa ń fi àyè kékeré sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹnu ìkòkò. Mo ti rí i nígbà ẹgbẹ̀rún, mi ò rántí. Tèmi pàdé pátápátá.

Mo ní, "Bó o bá ní ọ̀rọ̀, lọ bá sẹ́fù." Mo sọ ọ́ gbàgà, bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Bí mo ṣe di sẹ́fù nìyẹn. Ìyẹn sẹ́fù tẹ́ ẹ ń gbé lárugẹ nínú ẹbí. "Bàbá wa ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ sẹ́fù nídìí ẹ̀rọ yẹn." Hẹn.

Ọ̀rọ̀ "ó dè é ní Làmídì," èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ẹnì kan nínú atelíyè ló fi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó gba ọwọ́ mi kọjá, bí wọ́n bá de irin tí kò dáa, màá ní, "Làmídì ni ẹ́!" Wọ́n kọ́ ọ lẹ́nu mi, wọ́n gbé e dé atelíyè tiwọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ tiwọn náà kọ́ ọ. Ó wọ Godomey, ó wọ Pọ̀tònófò, ó wọ ibi gbogbo tí etó wà. Ọmọ Làmídì kan kọ́ṣẹ́ irin ní Godomey, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ pa mọ́ títí ó fi gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rò ó wò ná. Ọmọ tó ń fi bàbá rẹ̀ pa mọ́ bí ẹni tí bàbá rẹ̀ jalè!

Bá a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Lánàá, òkò mi ti ẹnu Ṣàkírù jáde, ó sì bá mi.

Làmídì lọ ń ta irin àlòkù nígbà tí wọ́n dá ọjà Tokpa sílẹ̀. Ó ń fi ìka mẹ́ta gbé irin bí ẹni gbé ẹyin. Mo mọ ibi tó jókòó sí, mo sì ń gba ẹ̀yìn, láàárín àwọn aláṣọ, kí n má bàa kọjá níwájú rẹ̀. Ọdún púpọ̀. Ọjọ́ kan òjò lé mi dé abẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ó ní, "Ata! Jókòó, òjò ti pa ọ́." Ó fún mi ní àga. Ó bi mí léèrè ìyàwó àti ọmọ, ó ní, "Wọ́n ò tíì sín kú?" A rẹ́rìn-ín. Òjò ń lu páànù. Mo ní ó pẹ́ tó, jẹ́ n bi í.

"Làmídì, èé ṣe tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó ń fi àkísà nu irin kan. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi ni mo fa bébà. Mo ti sọ pé ó jáde. Kí ló tún kù fún mi láti sọ?"

Mo lanu. Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n, ẹ ò mọ bó ṣe sún mọ́ tó. Mo ní, "Òjò ti ń dá." Mo dìde. Kò tíì dá, mo rìn nínú rẹ̀ délé.

Ìgbà tó kú, wọ́n gbé e lọ sílé ní Ṣakété. Mo lọ. Wọ́n kírun sí i lára. Àáfà dìde, ó ní ẹni tí òkú yìí bá ṣẹ̀ láyé, kó foríjì í. Gbogbo èèyàn ní àwọn ti foríjì í. Èmi náà ní mo foríjì í! Mo fi ẹnu mi sọ ọ́! Mo wá ń dúró kí àáfà béèrè ẹni tó ṣẹ òkú. Kò béèrè. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyẹn. Wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Wọ́n máa ń ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Irọ́ ni wọ́n pa níbi tọ́rọ̀ tèmi dé.

Ṣàkírù, má wolẹ̀. Mi ò ní kó o sunkún. Dìde. Gbé irin tó wà lórí tábìlì yẹn wá. Ìwọ, ya bébà sí mẹ́rin. Ẹ fún mi ní òòlù òjé. Kí ni, ẹ ò ní òòlù òjé? Ẹ fún mi ní ti igi nígbà náà. Ẹ fi mí sílẹ̀, mo lè dá dúró. Èmi ni màá dè é.

Ọwọ́ yìí ò lágbára mọ́. Ẹ wò ó. Kó. Kó.

Ó yá. Ṣàkírù, fa bébà.

Fa gbogbo rẹ̀... Kí lo wí? "Ó ti dúró, Bàbá"?

Sún mọ́ mi. Wo ojú mi. Mo gbọ́ ohùn igi lórí irin, ó ṣófo. Mo rí ọwọ́ rẹ, o ti fi àtàǹpàkò tẹ bébà yẹn mọ́ ibẹ̀ kó má bàa jáde. O ń bo àgbà láṣìírí. O ṣeun, ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ilé lo fi ṣe é. Àmọ́ mo fi ìbínú dúró síwájú Làmídì, ó mọ̀ pé mo lè ba ayé òun jẹ́, kò fi àtàǹpàkò tẹ bébà fún mi. Bá a ṣe ń dè é ní Làmídì nìyẹn! Ẹ gbọ́ ọ? Ẹni tó bá rí i pé bébà jáde, tó sì sọ ọ́ lójú ẹni tó ń bínú, òun ló ṣe é ní Làmídì.

Mú ọwọ́ kúrò. Fà á.

"Ó jáde, Bàbá."

Ó jáde. O ṣeun. Sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Ó tó. Ẹ fún mi ní ẹfun. Mi ò ní kọ òbìrìkìtì. Ìlà kan ni. Ẹ wò ó bó ṣe ń wọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lónìí. Ẹ tú irin yẹn, ẹ tún un dè dáadáa, ẹ tan ẹ̀rọ yín padà. Mò ń lọ sílé.

Ìlà yẹn, ẹ má nù ún.